Àjẹṣẹ́kù Ara

Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wọn ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

  Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé owó ni ẹ ń retí lẹ́nu mi, nítorí ohun tó máa ń gbé mi wá sọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ìwé owó náà ni n óò sọ lónìí, àmọ́ ti ara ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá rí ẹni tó jẹ ẹgbẹ́ lówó tí kò san, mo máa ń béèrè ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìṣòótọ́ ló máa ń wà nídìí rẹ̀. Ó máa ń wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí èmi ń bá pàdé jù lọ ni ẹ̀yìn tí kò gbọ́ mọ́, orúnkún tó wú, àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tètè mọ̀ sí. Ìyá kan wà tó ń yan gàrí tà. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń dá owó rẹ̀ láìjẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì. Ní ọdún kẹwàá, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó yá owó láti fi ra ẹ̀gẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ fún un láti jókòó nídìí agbada. Nígbà tí oṣù mẹ́ta kọjá, àwọn onídùúró méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè tí wọn kò jẹ. Ọ̀kan nínú wọn kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Orúkọ onídùúró méjì ni ẹgbẹ́ kọ sínú ìwé ẹ̀yáwó náà. Onídùúró kẹta, tí í ṣe ara ìyá yẹn fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè bóyá ó lè dúró.

Alájẹṣẹ́kù ni àwọn ènìyàn ń pe irú ẹgbẹ́ wa yìí: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Nínú owó, a mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú ara, àjẹtán ni ọ̀pọ̀ nínú wa. A ó jí ní aago mẹ́rin àbọ̀, a ó gbé ẹrù, a ó lọ sí ọjà, a ó padà wá gúnyán, a ó sùn ní aago mọ́kànlá, kò sì ní sí ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi bi ara léèrè pé báwo ló ṣe wà. Ìgbà tó bá wó lulẹ̀ ni a óò mọ̀ pé a ti yá a kọjá agbára rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí tí àwọn ará Índíà ń pè ní yóógà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn ni yóò rántí. Èyí tí mo ń sọ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóógà jẹ́jẹ́ ni: kí ènìyàn na ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó máa mí sínú kí ó sì máa mí síta ní ìwọ̀n, kí ó fi ọkàn sí ohun tí ara ń wí. Láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ló ti wà ní Índíà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún un. Orílẹ̀-èdè 177 ló gbè é lẹ́yìn, wọ́n sì ṣe ti àkọ́kọ́ ní 2015.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ayé ni B.K.S. Iyengar. Ní 1918 ni wọ́n bí i ní Bellur, ní gúúsù Índíà, ọdún tí àjàkálẹ̀ inflúẹ́ńsà ńlá nì ń jà. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ibà mú un, táífọ́ọ̀dù mú un, ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un. Ara tí kò le yìí ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di olùkọ́, ó mú àga, ìgbànú, okùn àti ìtì igi kéékèèké wọ inú iṣẹ́ náà, kí arúgbó àti aláìsàn lè ṣe é láìfi ara pa. Ẹni ọdún 95 ni nígbà tó kú ní 2014. Ní Amẹ́ríkà lónìí, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń jẹ́ Jessamyn Stanley. Ó sanra dáadáa, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Olùkọ́ yóógà ni, ó sì kọ ìwé kan tó ń jẹ́ Every Body Yoga jáde ní 2017. Kò dúró dìgbà tó bá rù kí ó tó tẹ́ ẹní rẹ̀.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu ẹ̀yin alhaja àti ẹ̀yin díákónì. Ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn onítẹ̀bọmi wà láti 1898 nìyí, mọ́sálásí sì kún inú rẹ̀. Ṣé yóógà kì í ṣe ìbọ? Inú ìsìn àwọn ará Índíà ló ti jáde lóòótọ́, kò yẹ kí a fi pamọ́. Ní 2008, ìgbìmọ̀ àwọn aláfáà ní Malaysia ní kí Mùsùlùmí má ṣe yóógà tí orin àti ìjọsìn bá dà pọ̀ mọ́ ọn. Láìpẹ́ sí i, olórí ìjọba wọn ṣàlàyé pé ìdárayá nìkan láìsí orin kò léèwọ̀. Ní 2017, Sáúdí Arábíà gbà á gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ orin ẹlòmíràn. Ẹni tí orúkọ náà bá ń rùn sí nímú, kí ó máa pè é ní ìnara, ara kò ní mọ ìyàtọ̀. Àwa tí a ń kúnlẹ̀ kí ìyá, tí a ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, tí àwọn kan nínú wa ń rúkúù tí wọ́n sì ń forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́, oríkèé wa kò ṣàjèjì sí títẹ̀. N kò sọ pé ìrun tàbí ìkíni jẹ́ eré ìdárayá o. Àgbà tó ń lóṣòó, tó ń jókòó lórí ẹní, tó sì ń dìde fúnra rẹ̀ ni mo ń rántí. Láti ìgbà tí a ti di ará orí àga, ẹ wo bí a ṣe ń di nǹkan mú kí a tó lè dìde.

Kí n tó sọ bí a óò ti ṣe é, ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú, nítorí pé òun ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ọ̀rọ̀ gbígba ara ẹni ni, bí ara náà ṣe rí.

Ẹ̀yin aránṣọ tó wà láàárín wa lè jẹ́rìí mi. Aṣọ ẹbí bá délẹ̀, oníbàárà yóò ní, “Má fi bí mo ṣe rí yìí rán an o, gé e kù díẹ̀, n óò ti fọn kó tó di ọjọ́ ìnáwó.” Ọjọ́ ìnáwó yóò pé, síìpù kò ní gòkè, ìjà yóò bẹ̀rẹ̀. Bí akápò bá ṣe irú rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá kọ owó tó ń retí sílẹ̀ bí owó tó wà lọ́wọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa ní kí n mú un. Ìwé tó bá dára, iye tó wà nínú àpótí ni yóò kọ, ì báà kéré, ì báà tini lójú. Orí iye yẹn ni a óò ti wá pète ohun tí a fẹ́ ṣe. Ara náà rí bẹ́ẹ̀. Ikùn tó ti bí ọmọ mẹ́rin kò lè rí bíi ti ọmọ ọdún méjìdínlógún. Àtẹ́lẹwọ́ tó ti yan gàrí fún ogún ọdún yóò le. Ẹ kọ iye yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń kí ara wa. “O mà ti sanra o!” Bí ìyá àgbà kan bá sọ èyí fún ọ ní ọjà Akẹ̀sán, ó ń bá ọ dúpẹ́ ni, ó rí i pé ìyà kò jẹ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ fún ọmọ iléèwé LAUTECH kan ní iwájú ọ̀nà yìí, ó lè má jẹun alẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, etí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni “O ti rù o, kí ló dé?” Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé nínú ìpàdé ẹgbẹ́, kí a máa béèrè àlàáfíà ènìyàn, kí a fi ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Nítorí owó wa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti rí ìwé ìtọrọ ẹ̀yáwó tí wọ́n kọ “fún ọjà” sí, tó jẹ́ pé ìpara tí ń bó ara àti tíì tí ń mú ènìyàn rù ni wọ́n fi owó náà rà, fún ara wọn. Tíì wọ̀nyẹn, ìgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mú ènìyàn yà. Omi ara ló ń lọ, ọ̀rá wà níbi tó wà. Ti ìpara tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́kúrì wà nínú àwọn kan, mẹ́kúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Minamata fẹnu kò pé kí wọ́n fòpin sí ṣíṣe irú ìpara bẹ́ẹ̀ àti gbígbé e wọ ìlú nígbà tí ó bá fi máa di 2025. Àmọ́ àdéhùn kò lè yọ èyí tó ti wà nínú ilé kúrò. Ẹni tó ń san èlé lórí owó tó fi ń ba kíndìnrín ara rẹ̀ jẹ́, èmi ò mọ ojú ìwé tí mo lè kọ ọ́ sí.

Gbígba ara kì í ṣe pípa ara tì o. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn, nítorí náà ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí dókítà bá ní kí o dín iyọ̀ kù, dín in kù. Àmọ́ ṣe é nítorí pé ara náà jẹ́ tìrẹ, bí ènìyàn ṣe ń tún orùlé ilé tó ń gbé ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a tẹ́ ẹní. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń tọrọ.

Kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ká orúnkún méjèèjì sókè, gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Mí sínú kí ikùn gbé ọwọ́ náà sókè, mí síta kí ó rọra wálẹ̀, kí ìmísíta pẹ́ ju ìmísínú lọ díẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí o kò bá rí àyè fún ohunkóhun mìíràn ní ọjọ́ náà, èyí tó. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ àti orúnkún lélẹ̀ bí ẹni tó ń nu ilẹ̀. Bí o ti ń mí sínú, jẹ́ kí ikùn rọ̀ wálẹ̀, kí o gbé ojú sókè díẹ̀. Bí o ti ń mí síta, ká ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá. Ẹ̀yìn ẹni tó ń jókòó nídìí agbada tàbí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ló nílò èyí jù. Láti ibẹ̀, fi ìdí sórí gìgísẹ̀, tẹ̀ síwájú, kí o gbé iwájú orí lé ìrọ̀rí. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kí ó jókòó sórí àga, kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó gbé orí lé apá lórí tábìlì. Ohun kan náà ló ṣe, Iyengar kò ní bá a jà.

Dìde dúró. Na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ já máńgòrò, àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Rọra tẹ̀ sí ọ̀tún, rọra tẹ̀ sí òsì. Ẹni tó bá dúró tajà láti àárọ̀, kí ó dùbúlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ní ìparí, dùbúlẹ̀ gbalaja, má ṣe ohunkóhun. Orúkọ tí àwọn ará Índíà pe èyí ni ìdùbúlẹ̀ òkú. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gba ìyẹn wọlé, nítorí náà ìsinmi ni a óò máa pè é. Òun ló sì nira jù fún àwọn ìyá, nítorí pé ara wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń wà láìṣiṣẹ́.

Ìwọ̀n wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá dunni gan-an, dá a dúró. Ìrora kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Aláboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ẹni tí ìṣòro ojú tàbí eegun ẹ̀yìn ń bá jà, kí wọ́n kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì dorí kodò. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé ó ń wo gbogbo àrùn sàn. Àwọn olùṣèwádìí Cochrane kó ìwádìí 12 jọ ní 2017, ènìyàn 1,080 ló wà nínú wọn, lórí yóógà àti ẹ̀yìn tó ń dunni fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń ṣe é lè lo ẹ̀yìn wọn dáadáa díẹ̀ ju àwọn tí kò ṣe eré ìdárayá kankan lọ, nígbà tó di oṣù mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà. Díẹ̀ ni wọ́n wí. Mo fẹ́ràn ẹni tó bá sọ díẹ̀ nígbà tó jẹ́ díẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni bí wọn yóò ti ṣe é pẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ jáde ní ìdájí, ẹ ó rí àwọn tó ń sáré lójú ọ̀nà pẹ̀lú bàtà tuntun. Ẹ tún jáde ní oṣù Kejì, ẹ ó rí ọ̀nà. Wọ́n dá owó ọdún kan lọ́jọ́ kan, àpò sì gbẹ. Àwọn ará Rochdale tí gbogbo wa ń kà nípa wọn nínú ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́, 28 ni wọ́n ní 1844, iṣẹ́ híhun aṣọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe, wọ́n sì tòṣì. Kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni wọ́n fi kó £28 jọ kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ. Mo ti pín 150 náà fún yín: ìṣẹ́jú 21 lóòjọ́ àti díẹ̀ ni. Ìnara jẹ́jẹ́ nìkan kò lè kún un, kí akọ̀wé àti olùkọ́ fi ìrìn ẹsẹ̀ tì í. Ní ti ẹ̀yin tó ń gbé ẹrù, tó ń yan gàrí, tó ń roko, ẹ̀yin ti kọjá 300 kó tó di ọjọ́rú. Ìsinmi àti ìnara ni tiyín.

So ó mọ́ ohun tí o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń kírun àsùbáà, kí ó má tíì ká ẹní nígbà tó bá kí i tán. Ẹni tó ń gbé omi kaná, kí ó ṣe ti ológbò kí omi tó hó. Bí o bá pa ọjọ́ kan jẹ, ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ lọ́jọ́ kejì, má ṣe ogún. A kì í gba owó ìtanràn lórí èyí. Ọmọ ẹgbẹ́ tó pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ kì í tìtorí ìyẹn kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èyí ni mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú owó. Ìjókòó tí àwọn ìyá ń jókòó lé nídìí agbada ti rẹlẹ̀ jù, èéfín sì ń wọ ojú wọn. Ààrò tí a mọ ga, tó ní ihò tí èéfín ń gbà jáde, ẹgbẹ́ lè kọ́ ọ kí àwọn mélòó kan jọ máa lò ó. Èlé tí ẹgbẹ́ yóò rí nínú rẹ̀ ni pé gbèsè ẹ̀yìn dídùn yóò dín kù nínú ìwé wa. Mo ti kọ àbá náà, ó wà lọ́wọ́ Alága.

Kí ìpàdé oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú pípe orúkọ. Kí olúkúlùkù mú ẹní dání. Àga yóò wà fún àwọn àgbà. Kí àwọn ìyá wọ aṣọ tó rọ̀, kí àwọn ọkùnrin dúró sí apá ọ̀tọ̀ kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì kan láàárín wa ti gbà láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́ láti aago mẹ́jọ. Ẹ dákun, ẹ wá láìtíì mu kọfí. Alága, gbohùngbohùn rèé o.